Òwú Pupa Lára Díráìfù Ìyàwó Mi

Òórùn méjì ló wà nínú yàrá tí ìyàwó mi gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí nílé wa ní Àgbádárìgì: òórùn iyọ̀ àti òórùn kánfọ̀. Iyọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, nítorí pé ọ̀sà ni fèrèsé náà kọjú sí, òkun kò sì jìnnà lẹ́yìn ọ̀sà. Kánfọ̀ ń ti ara ìborùn àtijọ́ kan tó fi máa ń bo kọ̀ǹpútà náà wá. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ti gbé etí òkun rí, o mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń ṣe fún irin. Ìṣó tuntun á ti dípẹtà kí ọdún tó yí po. Àgádágodo á kọ̀, kò ní ṣí. Ìyàwó mi gbà pé ìborùn lè dá afẹ́fẹ́ dúró. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó kú, mo ṣì ń bo kọ̀ǹpútà náà bó ṣe máa ń bò ó, mo sì ń fi kánfọ̀ tuntun sí i bí ti àtijọ́ bá ti tán.

Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo kọ́ kí n tó mọ ìwé. Láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n ti mú mi wá síbí nígbà tí mo ṣì kéré, kí n wá kọ́ṣẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n jí gbé máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Wọn kì í wá ní àwọ̀ tí wọ́n fi jí wọn. Ẹni tó gbé e wá á ti kùn ún ní ọ̀dà tuntun, á sì máa pariwo mọ́ ọ bí o bá bèèrè ìwé rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í bá wọn jiyàn. Á kàn fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò níbì kan tó mọ̀, á sì ka nọ́ńbà tí wọ́n lù mọ́ irin. "Ẹnu lè purọ́," á ní, "ọ̀dà lè purọ́. Nọ́ńbà kì í purọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo di ẹni tí kì í gba ojú ohunkóhun gbọ́, títí kan ojú ènìyàn.

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó padà sílé ìwé. Ìyàwó mi ló tì mí síbẹ̀. Olùkọ́ ni, ọmọ Ègùn, apẹja sì ni àwọn èèyàn rẹ̀ lórí ọ̀sà. Ó rí i pé mi ò lè jókòó ti ìwé lẹ́yìn iṣẹ́, oorun á gbé mi lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹ̀kọ́ mi sókè sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, á sì fi wọ́n sínú fóònù mi. Èmi á máa gbọ́ wọn nígbà tí ọwọ́ mi bá wà nínú ọ́ìlì. Bí mo ṣe ṣe ìdánwò nìyẹn. Bí mo ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Ọ̀tọ̀ nìyẹn, tí mo sì di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ lónìí. Ọdún mẹ́jọ ló fi kàwé fún mi. Adìẹ ń ké nínú ohùn yẹn, òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá ka ojú ìwé méjì, á dánu dúró, á ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ mi, ṣé ẹ ò tíì sùn?" Akẹ́kọ̀ọ́ ni orúkọ tó ń pè mí. Ẹnikẹ́ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí àfi òun.

A kò bímọ. Nígbà tí àìsàn mú un lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohùn yẹn ni ohun tó kù fún mi. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú díráìfù, àpótí pẹlẹbẹ kan tó tó ìdajì ọṣẹ ìfọṣọ, tí wáyà kan ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà tó ń bá a kó gbogbo nǹkan sínú díráìfù náà. Àwọn àwòrán wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, ṣùgbọ́n ohùn ni ètò yẹn dì sínú àpò tirẹ̀, òun nìkan ló sì lè tú u. Ìyàwó mi so òwú pupa mọ́ díráìfù náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe nílé bàbá rẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tó ń so mọ́ àwọ̀n rẹ̀, aṣọ funfun ni ti ẹlòmíràn, okùn dúdú ni ti ẹlòmíràn, kó lè jẹ́ pé bí omi bá gbé àwọ̀n lọ, ẹni tó bá rí i á mọ ibi tí yóò dá a padà sí. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ tó ń so ó. "Kó lè mọ ilé ni," ó ní. Mo rò pé mo ti mọ ìtumọ̀ òwú náà tán.

Ó ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo tó ń gbé ní Gbaji, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí ẹnubodè. Òróró àgbọn ló ń sè, ó sì ń yan ẹja. Ó bí ìbejì, Ìyá Ìbejì la sì ń pè é. Obìnrin tó lẹ́nu ni. Èmi, gẹ́gẹ́ bí o ṣe mọ̀, mi ò ní ẹnu. Ní ọ̀sẹ̀ tí a sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn, ó ń wo kọ̀ǹpútà lábẹ́ ìborùn. "Bùọ̀dá," ó ní, "ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ yín, kì í ṣe tiyín nìkan o. Ọmú kan náà la jọ mu." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́, bí èèyàn ṣe ń gbé ìṣó tó bá rí nílẹ̀ pamọ́, tí kò mọ ohun tí yóò fi kàn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún kan pé, ó wá gba díráìfù náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ mú àwòrán nínú rẹ̀ fún ìwé ìsìn ìrántí. Ó pa á mọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó gbé e padà nínú ọ̀rá, òwú pupa ṣì wà lára rẹ̀. Mo wo òwú náà, mo sì ti díráìfù sínú àpótí tábìlì. Mi ò fi kan kọ̀ǹpútà. Mi ò tíì lè gbọ́ ohùn náà nígbà yẹn. Ó tó fún mi pé mo mọ̀ pé ó wà.

Ní òjò ọdún kẹta, mo ń tún bẹ́ńṣì kan ṣe níléèwé, mo sì fẹ́ rántí bó ṣe máa ń sọ "Akẹ́kọ̀ọ́ mi" yẹn. Mi ò rí i rántí. Ọ̀rọ̀ wà lọ́kàn mi, ohùn kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo tètè lọ sílé, mo ká ìborùn kúrò, mo tan kọ̀ǹpútà. Ó tàn, ṣùgbọ́n ohun kan ń ha nínú rẹ̀ bí iyanrìn nínú béárìn ẹ́ńjìnnì. Mo tẹ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, kò ṣí. Mo tẹ ìkejì, kò ṣí. Gbogbo orúkọ wọn wà lójú rẹ̀ ní ìtò-ìtò, ìkankan kò sì sọ̀rọ̀. Iyọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Mo ní kò burú, ẹ̀dà wà. Mo gbé díráìfù jáde, mo so ó mọ́ ọn, mo ṣí ètò tí ìyàwó mi máa ń lò, mo ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà fún mi. Ó ronú díẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé díráìfù yìí kọ́ ni òun ń retí, kí n fi èyí tó tọ́ sí i.

Mo ṣe bí mẹ́káníìkì ṣe ń ṣe. Mo yọ wáyà, mo fi sípírítì nu ẹnu rẹ̀, nítorí pé ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo gbé e lọ sí ihò kejì. Mo yá wáyà lọ́wọ́ aládùúgbò. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo jẹ́ kó tutù, mo tún un tàn. Lẹ́tà tó fi ń pe díráìfù náà yí padà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà: èyí kọ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun pa ohun tó wà nínú díráìfù yìí rẹ́, kí òun bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú rẹ̀. Mo yáa gbé ọwọ́ mi kúrò lórí tábìlì. Mo jókòó, mò ń wo òwú pupa yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rò ó pé òwú pẹ̀lú lè jẹ́ ọ̀dà.

Mo gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní oríta Mowo. Ègùn ni, ó ti gbé ìhà kejì ẹnubodè pẹ́, "bọ̀n" àwọn elédè Faransé ló fi ń ṣí ọ̀rọ̀, òun náà ló sì fi ń pa á dé.

"Bọ̀n," ó ní. "Ọ̀gá, ta ló ń ṣàìsàn nínú àwọn méjèèjì?"

"Ìwọ ni dókítà," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì í. Ó kọ́kọ́ yí lẹ́tà díráìfù náà padà sí èyí tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí pé èmi ti rò ó pé bóyá lẹ́tà ni. Kò yí nǹkan kan padà. "Lẹ́tà yìí, àga lásán ni," ó ní. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń jókòó sí i. Ètò yìí kì í wo àga. Ojú ẹni tó jókòó ló ń wò." Ó wá ṣí ibì kan tí èmi kò dé rí, ó yí kọ̀ǹpútà sí ọ̀dọ̀ mi. Nọ́ńbà gígùn méjì wà níbẹ̀, lẹ́tà pọ̀ mọ́ wọn. "Ẹ wò ó, èyí tó wà lókè ni nọ́ńbà díráìfù tí ètò yìí bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ti èyí tẹ́ ẹ gbé wá. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló kọ ọ́ sínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kùn ún."

Mo fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi kẹrin ni wọ́n ti pínyà.

"Ṣé ó kúrò lọ́wọ́ yín rí?" ó bi mí.

"Fún ọjọ́ mẹ́wàá."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Lọ́wọ́ olè." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Mo wá ní, "Àbúrò ìyàwó mi."

Ó tún tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, ó ní àwòrán wà nínú díráìfù yìí o, nǹkan mìíràn náà sì wà níbẹ̀, ó dà bíi pé ètò kan náà ló dì í, òun kò kàn mọ ohun tó jẹ́. Ó yẹ kí ìyẹn mú mi ronú. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹ́ńjìnnì tó pọ̀ jù. Olè tó bá fẹ́ ta ayédèrú fún ọ, ṣé kò ní kùn ún kó jọ òótọ́ ni? Mo ní kó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Kì í ṣe tiwa, mi ò fẹ́ rí i lójú mi.

Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Ọ̀gá, mo ti ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń bínú rí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń padà wá sunkún fún mi. Ẹ fi sílẹ̀ níbí. Ẹ lọ bi obìnrin náà ná. Bọ̀n."

Mi ò lọ bi í. Ohun tó ṣòro fún mi jù láyé ni kí n bi èèyàn ní ìbéèrè tí mo rò pé mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo kàn ń ṣọ́ ọ. Gbogbo ohun tó bá ṣe ló wá ní ìdí lójú mi. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, ó máa ń fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí mi nínú bébà, nípasẹ̀ awakọ̀ kan. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé inú rere ni. Báyìí, mo rí i pé ẹni tó jẹ gbèsè ẹ̀rí-ọkàn ló ń fi ẹja san án. Mo ń kó o fún aládùúgbò mi. Bó bá pè mí lórí fóònù, "ẹ kú iṣẹ́" kan àti "ó dàbọ̀" kan ló ń gbọ́ lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, a pàdé ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. A ń kí ara wa lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún nínú báàgì, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni ẹ̀rín ìyàwó mi, odidi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó yára tẹ̀ ẹ́ pa kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó sì gbé ojú kúrò. Ẹ̀bi ni mo rí nínú ìwo yẹn, mo lè fi ìwé mímọ́ búra lé e lórí lọ́jọ́ náà. Oorun kò kùn mí lójú. Mò ń rò ó pé obìnrin yìí ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, lórí iná òróró, láàárín ariwo ọmọ, èmi sì wà nílé pẹ̀lú ìborùn.

Oṣù méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin Mowo ló pè mí.

"Ọ̀gá, ẹrù yín ń gba àyè lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹ ti bi í?"

"Rárá."

"Ẹ ti dájọ́ fún un, ẹ ò tíì bi í?"

Ojú tì mí. Mo wọ ọkọ̀, mo lọ sí Gbaji ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Mo bá a nídìí ìkòkò, ó ń ro òróró. Òórùn àgbọn bo gbogbo àgbàlá. "Háà! Bùọ̀dá!" ó ké. "Ọ̀nà ṣì mọ ilé wa? Ẹ jókòó. Kí n bu omi wá?"

"Mi ò mumi."

"Ẹni tó ti Àgbádárìgì wá nínú oòrùn yìí tí kò mumi, ọ̀rọ̀ wà lọ́fun rẹ̀ nìyẹn." Ó gbé orógùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ pọ̀ ọ́ jáde kó má pa yín."

Mo ní, "Díráìfù tí o gbé padà fún mi kọ́ ni èyí tí mo fún ọ."

Ó wò mí. "Kì í kúkú ṣe òun," ó ní.

Mo ti múra sílẹ̀ de irọ́, de ẹkún, de ìbúra. Mi ò múra sílẹ̀ de pé kó gbà.

"O gbà?"

"Kí ni mo fẹ́ gbà níbẹ̀? Ẹ fún mi ní ọ̀kan, mo fún yín ní ọ̀kan. Ṣé bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń ṣe kọ́ nìyẹn?"

Ó wo ojú mi pẹ́, mo sì rí i tí nǹkan kan yí lójú tirẹ̀. Ó wọlé lọ, ó gbé agolo mílíìkì ńlá kan jáde, ó sì tú ọ̀rá tó fi dé ẹnu rẹ̀. Ìrẹsì tútù ló kún inú rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ìrẹsì náà, ó fa díráìfù kan yọ, tó fi aṣọ wé. Òwú pupa wà lára rẹ̀.

"Méjì ni wọ́n," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọ̀kan nínú omi, ọ̀kan lórí ilẹ̀. Bí bàbá wa ṣe ń lo àwọ̀n nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí iná bá jó ilé yín, tèmi á wà. Bí omi bá gbé tèmi, tiyín á wà. Gbogbo ìparí oṣù ló máa ń gbé ọ̀kan wá, tó máa ń mú ọ̀kan lọ. Èmi ni mo fi ìrẹsì sí i, nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yìí. Bùọ̀dá, ẹ ò mọ̀?"

Mo mọ̀ pé ìyàwó mi ń lọ sí Gbaji ní ìparí oṣù. Mo mọ̀ pé ó ń gbé báàgì lọ, tí báàgì sì ń padà pẹ̀lú ẹja. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jẹ ẹja yẹn. Mi ò bi í rí ohun tó wà lábẹ́ ẹja.

"Kí ló dé tí o kò fi sọ fún mi?" mo ní.

"Ẹ̀yin ọkọ rẹ̀? Kí n máa sọ ohun tó wà nílé yín fún yín? Mo rò pé ẹ mọ̀, pé ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ lè wá. Nígbà tí mo gbọ́dọ̀ mú àwòrán, mo ní ó dáa, kí n kúkú pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹja tí mo ń fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ṣebí kẹ́ ẹ lè rántí ni, pé oṣù ti parí." Ó dánu dúró. "Ṣé ẹ ń jẹ ẹja náà ṣá?"

Mo yí ojú sí ìkòkò òróró.

"Bùọ̀dá."

"Aládùúgbò mi ń jẹ ẹ́," mo ní.

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ọlọ́run gbà mí! Mò ń bọ́ aládùúgbò láti ọjọ́ yìí!" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Mo na ọwọ́ sí òwú ara díráìfù, mo ní òwú yìí ló tàn mí, mo rò pé òun ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ó mi orí. "Òwú kì í sọ àwọ̀n tó jẹ́. Ilé tó ni ín ló ń sọ. Gbogbo àwọ̀n bàbá wa ló ní òwú pupa. Èmi tí mo bí ìbejì, bí mo bá rí aṣọ kan náà lọ́rùn wọn, ṣé kí n ní ọ̀kan jí ìkejì gbé ni?" Lẹ́yìn náà ló ní, láìjẹ́ pé mo bi í, pé ẹ̀rín inú fóònù òun, ẹ̀gbọ́n òun ló fi ránṣẹ́ sí òun lọ́jọ́ tí òun ṣubú sínú ẹrẹ̀, àti pé òun tẹ̀ ẹ́ pa lọ́jọ́ yẹn nítorí pé ojú mi dà bí ojú ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ.

A jọ lọ sí Mowo. Ó gbé agolo náà sórí itan nínú ọkọ̀, kò jẹ́ kí n bá a gbé e. Nígbà tí a wọ ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà dìde. "Bọ̀n. Ìyá, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin ni..." Ó gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Èmi ni kí ni?" Ìyá Ìbejì bi í.

"Ẹ̀yin ni àbúrò ìyàwó ọ̀gá."

"Ìyẹn kọ́ lo fẹ́ sọ. Kí ni wọ́n pè mí níbí?"

"Wọn ò pè yín ní nǹkan kan o, Ìyá."

Ó ń bò mí láṣìírí. Mo lè dákẹ́. Ó rọrùn fún mi láti dákẹ́, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n agolo yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrẹsì díẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀.

"Olè ni mo pè ọ́," mo ní.

Kò bú mi. Ó bá ìrẹsì ara apá rẹ̀ jà títí ó fi gbọn ọ́n dànù tán, ó sì na díráìfù sí ọkùnrin náà. "Ẹ bá wa fi sí i," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá gbọ́."

Ètò náà mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ bára mu, mo fi ìka tọ̀ wọ́n dé òpin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ẹ̀kọ́ náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, sínú díráìfù tuntun tí ọkùnrin náà ti fi rọ́pò èyí tí iyọ̀ jẹ nínú kọ̀ǹpútà. Ti ọdún tó kẹ́yìn wọlé, ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ wọlé. Nígbà tó kan àwọn ọdún àkọ́kọ́, ó dúró. Ó ní òun kò lè kà wọ́n. Iyọ̀ ti dé inú ìrẹsì náà. Ọkùnrin náà gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá ṣí àpótí tábìlì rẹ̀, ó gbé èkejì jáde, èyí tí mo ní kó pa rẹ́, ó sì sọ fún ètò náà pé ilé kan náà ni èyí ti wá. Ohun tó sọnù lára ọ̀kan wà lára ìkejì, láìku ẹyọ kan.

"Ọ̀gá," ó ní, "bí mo bá ti gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn..." Kò parí rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé kò parí rẹ̀.

Ó tẹ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ pátápátá. Ohùn ìyàwó mi jáde, ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ, ó ń ka bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti orí òkun wá sórí ilẹ̀ lọ́sàn-án. Ó kà á dé ìdajì, ó pariwo, "Ẹ lé ewúrẹ́ yẹn kúrò nídìí gàrí mi!" Nǹkan kan ṣubú. Ó padà, ó ń mí gúlegúle. "Akẹ́kọ̀ọ́ mi, ṣé ẹ ò tíì sùn?"

"Ewúrẹ́ mi nìyẹn!" ni Ìyá Ìbejì kígbe, ó di ẹnu mú. "Ewúrẹ́ tí mo fún un ni!" Ẹ̀rín àti ẹkún gbà á mú pọ̀. Èmi kọjú sí ògiri títí ara mi fi balẹ̀.

Ọ̀rẹ́, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Ọ̀gá mi kò purọ́, nọ́ńbà kì í purọ́. Ó sọ fún mi pé ohun tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe ohun tí mo fi sílẹ̀, òótọ́ sì ni. Òwú náà kò purọ́. Ó sọ ilé tó ni ín, òótọ́ sì ni. Èmi ni mo fi òótọ́ méjì kan obìnrin kan mọ́gi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò sí lára irin, kò sí lára òwú. Ẹnu rẹ̀ ló wà, n kò sì ṣe tán láti bi í.

Ní ìparí oṣù báyìí, èmi ni mo ń lọ sí Gbaji. Mò ń gbé ọ̀kan lọ, mò ń mú ọ̀kan bọ̀. Kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Mowo mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ti ní kí ọkùnrin yẹn kọ nọ́ńbà díráìfù kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì kọ méjèèjì sórí bébà fún òun, ó sì lẹ bébà náà mọ́ inú ìdérí agolo. Kó tó gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi, á dì í mú, á ní, "Ẹ kà á kí n gbọ́." Èmi á gbé dígí mi wọ̀, màá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níwájú àwọn ìbejì rẹ̀, níwájú ẹni tó bá wá ra òróró. Á máa fi ìka tọ̀ ọ́ lórí bébà. "Ó bára mu?" á bi mí. "Ó bára mu," màá dá a lóhùn. Nígbà náà ló máa wá gbé e fún mi, tòun ti ẹja, èmi ni mo sì ń jẹ ẹ́.

Lóṣù tó kọjá, mo fo nọ́ńbà kan. Ó mọ̀ dájú pé àṣìṣe ni. Ó fa díráìfù náà sẹ́yìn síbẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.